Táyà Tí Eyín Rẹ̀ Kò Tán

Ọkọ̀ àlòkù tí ẹ̀gbọ́n obìnrin aránṣọ kan fi ta á lọ́rẹ, táyà mẹ́rin ló ní, kò sì sí méjì tó jọra níbẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan ti pá bí orí àgbàlagbà. Ẹ̀kẹrin nìkan ni eyín rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni obìnrin náà ń fi ọkọ̀ yìí gbé ìyá wọn gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìdí ọkọ̀ á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Aránṣọ fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ìwọ ṣáà ní sùúrù. Bí eyín èyí tó jinlẹ̀ yẹn bá tán, ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ta ní í gbọrẹ tán tí í tún pẹjọ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n yà lọ́dọ̀ bàbá onítáyà láti fa atẹ́gùn sí i. Ìyá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé báàgì lé itan. Bàbá fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà tí eyín rẹ̀ jinlẹ̀, ó ní kí aránṣọ wá wo nọ́ńbà mẹ́rin kan níbẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é rèé, àǹtí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Eyín ẹ̀ ò tán lóòótọ́, àmọ́ ara ẹ̀ ti kú. Ẹ wo bó ṣe ń sán. Èyí gan-an ló máa kọ́kọ́ bẹ́."

"Òun náà ni mo ti ń dúró dè láti ọdún kan!"

Bàbá họ orí. "Ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Ṣebí èmi ni mo de mẹ́rin tuntun mọ́ ọkọ̀ yìí? Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀gbọ́n yín gbé e fún yín ló ní kí n tú wọn sí ọkọ̀ ẹ̀ kejì, kí n wá àlòkù èyíkéyìí fi dípò."

Inú bí aránṣọ, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí Bọ̀dá ṣe fún wa?"

Ìyá ń tún okùn báàgì ṣe, kò gbójú sókè. "Èmi ni mo ní kó yọ wọ́n. Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń rìn, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ. Ìwọ ò kúkú lọ ju ọsibítù lọ."

"Èmi àti ẹ̀yin la jọ ń wà nínú ẹ̀, Màámi."

"Mo mọ̀."

Ká ní olè ló jí táyà náà, ì bá sàn fún aránṣọ. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ti gbé ẹ̀mí wọn sórí òṣùwọ̀n, ti àbúrò ló fúyẹ́.

Aránṣọ pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́. "Títí n ó fi rí mẹ́rin tó bára mu, ọkọ̀ yìí ò gun òkè mọ́. Táyà tó dáa wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ọmọ yín. Ẹ pè é, kó wá gbé yín."

Ìyá mú fóònù jáde. Ó tẹ nọ́ńbà, ó dún títí ó fi gé. Ó tún un tẹ̀, ó tún gé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tẹ nǹkan kan. Ó kàn gbé fóònù sétí bẹ́ẹ̀, iná ojú fóònù náà ti kú, ó wá ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kò burú, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ dí."