Ikú Yomikado Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Nínú oṣù kẹrin ni Rentaro gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè láti fi gbá ẹ̀mí òkùnkùn kan lẹ́nu. Kí ẹ̀ṣẹ́ náà tó balẹ̀, òjò oṣù kẹfà ti bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo, gbogbo wa sì ti ń gbé agbòjò wá síbi iṣẹ́. Láàárín gbígbé àti bíbalẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yẹn, Rentaro rántí ìyá rẹ̀, ó rántí ilé ìwé rẹ̀, ó sì rántí ajá kan tó gbé lọ́dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀mí òkùnkùn náà dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin.

Àwa tí a ń fi ohùn sí eré àwòrán yìí ló yẹ ká máa gbè é. Èmi ni ìyá àgbà Rentaro, èmi ni ẹyẹ ìwò, èmi náà sì ni èrò ọjà nígbà tí èrò ọjà bá ní láti sá. Ṣùgbọ́n Bíbélì pàṣẹ fún wa láti máa sọ òtítọ́, kódà nípa ibi tí a ti ń jẹun. Numata, olùdarí wa, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn gbàgbọ́ pé ohun tó bá tètè dé kò níyì ni. Ọjọ́ méje ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi yí Jẹ́ríkò ká, odi sì wó. Numata yí Jẹ́ríkò tirẹ̀ ká láti ìgbà tí òdòdó ń tanná títí ewé fi pọ́n lórí igi, bíríkì kan kò yẹ̀.

Odi tí à ń retí kó wó ni Yomikado, ọba àwọn ẹ̀mí, aṣebi tó pa bàbá Rentaro. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí eré bá ti ń parí lọ, a óò rí òjìji rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Yóò rẹ́rìn-ín, aṣọ yóò mì, orin yóò bẹ̀rẹ̀, ó tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀rín mìíràn. Inú ti ń bí àwọn òǹwòran. Wọ́n ń bèèrè bóyá orúnkún ló ń dun Yomikado tí kò fi lè dìde.

Bàbá Kuramochi ló ni ẹ̀rín náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òun sì ni àgbà láàárín àwa tí à ń fi ohùn jẹun. Láti Kawagoe ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Yóò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, yóò tẹrí ba fún gbogbo wa, títí kan ẹni tó ń po tíì, yóò dúró níwájú ẹ̀rọ, yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì padà sílé.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré náà parí, ó pe èmi àti Asahina, ọmọkùnrin tó ń ṣe ohùn Rentaro, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àwọn dókítà rí nǹkan ní ọ̀nà ọ̀fun òun. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìgbà tí a bá gba ohùn ìkẹyìn sílẹ̀, wọn yóò gé gògóńgò òun kúrò. Òun yóò yè, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà máa káàánú òun.

“Ohun kan péré ni mo fẹ́,” ó ní. “Kí Yomikado sọ̀rọ̀ kó tó kú. Ọ̀rọ̀ gidi ni mo fẹ́ kó gbẹ̀yìn lẹ́nu mi. Kì í ṣe ẹ̀rín.”

Nígbà tí ìwé eré ìkẹyìn dé, orúkọ Yomikado ni mo kọ́kọ́ wá. Aṣọ ìkélé ṣí. Yomikado dìde. Rentaro rántí ajá, ó sì ń rántí ajá náà láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, idà fò lẹ́ẹ̀kan, Yomikado ní “Áà,” ó di eérú.

Numata pè wá jọ, ó bèèrè bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Bó ṣe ń bèèrè ló ti ń ká ìwé rẹ̀. Gbogbo wa wo tábìlì. Ọ̀dọ́ ń dúró de àgbà, Bàbá Kuramochi sì ni àgbà, bẹ́ẹ̀ bàbá náà kò lè tìtorí ara rẹ̀ la ẹnu láéláé. Ó tẹrí ba, ó ní ó hàn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára lórí ìwé náà. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ohùn kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wo ìlà ara pákó. Wọ́n ní bí ènìyàn bá dákẹ́, òkúta yóò kígbe. Òkúta ọ̀dọ̀ wa náà ti kọ́ ìwà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ohùn náà sílẹ̀, àwòrán ò tíì parí. Irun ajá ti gba àwọn ayàwòrán lákòókò. Ojú ẹ̀rọ àwòrán tó funfun gbalasa la dúró níwájú rẹ̀, bó ti sábà máa ń rí, tí ìlà aláwọ̀ ń jáde lórí rẹ̀. Bí ìlà rẹ bá yọ, o sọ̀rọ̀. Bó bá lọ, o panu mọ́. Pupa ni ti Rentaro, búlúù ni ti Yomikado. Numata kò tíì mọ ohun tí Yomikado yóò máa ṣe nígbà tí Rentaro bá ń rántí ajá, nítorí náà ó ní kí wọ́n fi ìlà búlúù sílẹ̀ níbẹ̀ ná, òun yóò rò ó tó bá yá.

Ìlà búlúù yọ. Bàbá Kuramochi wo ìwé rẹ̀, ó wo ìlà náà. Ìlà kò lọ. Ó pa ìwé dé láìjẹ́ kó dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Rentaro, o pẹ́. Mo jókòó síbí, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bó ṣe ń bọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo sọ di aláìníbaba ló yẹ kó wá pa mí. Ìgbà tí o ń falẹ̀, mo darúgbó, mo sì gbàgbé ojú bàbá rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó burú jù nìyẹn. Mo pa á, n kò sì rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ó yá, má rántí nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n yìí, kì í ṣe ìbẹ̀rù, ọjọ́ orí ni. Ṣe é kíákíá, kí n lè gbọ́ bí ibí yìí ṣe máa dákẹ́.”

Lẹ́yìn náà ló wá sọ “Áà” tó wà nínú ìwé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìlà pupa ti yọ, ó ti lọ, Asahina kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ta ló máa já lu ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tí ìlà àgbà ṣì wà lójú?

Numata jáde wá láti ẹ̀yìn gíláàsì tó ti ń darí wa, pẹ̀lú omi lójú. Ó yin bàbá náà, ìyìn náà sì gùn. Ó wá ní òun ti rí ọ̀nà báyìí. Wọn yóò pín ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn “o pẹ́”, Rentaro yóò rántí ilé ìwé. Lẹ́yìn “mo darúgbó”, yóò rántí ajá. Ìyókù yóò di sinimá lọ́dún tó ń bọ̀. Kí bàbá jọ̀wọ́ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ẹ̀rín há a láàárín.

Asahina fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá náà fọwọ́ kàn án léjìká.

“Ọ̀gá Numata, n ò ní ní ohùn mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gé e. Èyí tí ẹ gbọ́ yẹn, òun náà nìyẹn.”

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Kí n tó la ẹnu, ẹ ti ká ìwé yín tán.” Kò gbé ohùn sókè. “Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ní kí n máa rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn kú ní àlàáfíà. Ẹ má ki ajá bọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀.”

Numata tẹrí ba. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Kò sí nǹkan tí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe kíákíá. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní kí wọ́n yọ ajá náà kúrò, kí wọ́n sì ya àwòrán tẹ̀lé ohùn.

Lẹ́yìn tí eré náà jáde, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ kí wọn ní Kawagoe lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Aṣọ funfun wà lọ́rùn bàbá, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Mitsue, ìyàwó rẹ̀, ti gba eré náà sílẹ̀ dè mí. Aṣọ ìkélé ṣí, Yomikado dìde, ó ní, “Rentaro, o pẹ́.” Ìpolówó oúnjẹ núdù bẹ́ sójú tẹlifíṣàn.

Numata kò lè ṣe é kó má dá nǹkan kan dúró. Bàbá Kuramochi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìró kankan kò jáde. Mitsue ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àyè wà láti po tíì. Nígbà tó gbé tíì dé, Yomikado ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

“Ṣé ẹ ò tíì kú ni?” ó bi ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó na ọwọ́ sí tẹlifíṣàn pé kó jókòó wò ó. Mitsue jókòó, ó gbé àwo tíì lé itan. Ohùn náà ń bá a lọ, ó dé ibi ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó dé ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ní “Áà,” eérú sì bo ojú tẹlifíṣàn. Tíì ń tutù. Mitsue kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú rìmóòtù, ó sì dá eré náà padà sí ibi tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.