Búrẹ́dì Náà Gbọ́dọ̀ Tò Sórí Ìlà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi ṣọ́ sítọ̀ oògùn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ògiri, ó sì gbé òfin sítọ̀ wá sílé mọ́ ọn: ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Òfin náà dára fún oògùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe oògùn.

Kò sí ohun tó wọ ilé ìdáná wa tí kì í gba ọjọ́ orí lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gé pílásítà funfun, yóò fi bíró kọ ọjọ́ tí nǹkan náà wọlé sí i, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ó di ẹ̀yìn ìlà. Tòmátì, ẹja, àlùbọ́sà, ọbẹ̀ inú abọ́ onídèérí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iyọ̀ pàápàá. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú bá wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó pọ́n dáadáa. Nígbà tí a ó bá sì fi jẹ dúdú tán, èyí tó pọ́n náà á ti dúdú. Ọdún méjì rèé, mi ò tíì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi jẹ. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ọ̀gá Sítọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Èmi ni mò ń jẹ ìyà oyè náà.

Ǹ bá ti fara dà á, ṣùgbọ́n ó kan ọmọ wa obìnrin. Ọmọ yìí fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó lọ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ nígbà náà pé òun ò rán an níwèé kó lè lọ máa po ìyẹ̀fun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò gbé búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde wá, yóò fi aṣọ wé e kó má baà tutù, yóò sì dúró máa wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá á dúpẹ́, á gé pílásítà, á ti búrẹ́dì náà sẹ́yìn àwọn yòókù nínú fírísà. Lẹ́yìn náà á mú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn jáde, èyí tó le bíi pátákó, á máa fi tíì rẹ ẹ́ jẹ.

Ní Sátidé kan, ọmọ bá mi nínú ilé ìdáná.

"Màámi, Bàámi ò tíì jẹ búrẹ́dì mi rí. Òkú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́ ní gbígbóná lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní gbé e wá mọ́."

"Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹja náà nìyẹn."

"Ẹja kọ́ ni ọmọ wọn."



Lọ́jọ́ Ajé, mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà jẹ́ kí búrẹ́dì ọmọ yìí fo ìlà lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. "Ìyàwó, tí búrẹ́dì bá fo ìlà, kí la máa sọ fún ẹ̀wà tó wọlé lánàá?"

Inú bí mi. Mo ní bí a kò bá lè fo ìlà, a ó jẹ ìlà náà tán. Búrẹ́dì mẹ́ta ló wà nínú fírísà. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo jẹ ẹ́ lálẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n eyín tèmi ni àáké, ó sì ń ro mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé èyí tó kẹ́yìn mì, mo fẹ̀yìn ti àga. Ọkọ mi ṣí fírísà, ó gbé abọ́ ẹ̀wà ńlá kan jáde, èyí tó lè bọ́ ènìyàn mẹ́jọ.

"O ṣeun," ó ní. "Ẹ̀wà ló wá kàn báyìí."

Bí ọmọ ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ wà ní balùwẹ̀. Mo gba búrẹ́dì, mo gé pílásítà, mo kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn sí i. Ooru ń jẹ́ kó máa ṣí, àfi bí mo ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń sọ ọ́ di àgbà."

Ọkọ mi jáde, ó wọ awò ojú, ó ka pílásítà. Ó wo ooru tó ń rú lókè búrẹ́dì. Ó tún pílásítà kà. Ọmọ di ẹ̀yìn àga mú.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún," ni bàbá wí. "Ó ti ṣáájú ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ kó tó bàjẹ́."

Ó gé e. Bọ́tà yọ́ lórí rẹ̀, ó ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìkejì. Ìgbà tó mú ìkẹrin ló tó gbójú sókè wo ọmọ.

"Ká ní mo mọ̀ pé báyìí ni ọwọ́ rẹ ṣe rí, mi ò bá tí sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí."

Ọmọ gbé àwo kan tó mọ́ tónítóní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Èmi náà wojú fèrèsé, nítorí omi ti lé sí mi lójú.

Nígbà tí ọmọ lọ tán, ọkọ mi pè mí.

"Ìyàwó, ṣé o rò pé mi ò mọ búrẹ́dì tó gbóná nígbà tí mo bá rí i?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ti kọ ọjọ́ sí i. Èmi kì í bá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ jà." Ó nu ẹnu, ó wo ọ̀nà fírísà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀wà ń gbọ́. "Sọ fún ọmọ mi pé kó mú méjì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó ti kọ ọjọ́ àtijọ́ sí i láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ nìkan lá á máa parọ́ fún mi."