Ẹsẹ Orin Tí Rédíò Ò Mọ̀

Oòrùn ọ̀sán ìgbà òtútù ní Jabalpur, ní ilẹ̀ Íńdíà, kò sí ohun tó dùn tó o. Ó máa ń rọra ta síni lẹ́yìn ni, ara á dẹ̀, ojú á máa wúwo. Lórí òrùlé pẹlẹbẹ ilé Manorama ni gbogbo ẹbí tẹ́ tìmùtìmù sí, àwọn ọkùnrin ń pa ẹ̀pà, wọ́n ń bó ọsàn. Ọ̀la ni ìgbéyàwó Ketki, ọmọ ọmọ Manorama. Wọ́n ti lé làálì fún àwọn obìnrin láti orí ìka dé ìgúnpá, kálukú wá na ọwọ́ síwájú bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹni tí làálì tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè di ife tíì mú, kò lè họ imú ara rẹ̀ pàápàá. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe ju kó kọrin lọ?

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ eré orin, obìnrin níhìn-ín, ọkùnrin lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ kan á kọ orin sinimá, ìró tí orin náà bá parí sí ni ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹgbẹ́ tí orin bá tán lẹ́nu wọn, tàbí tí wọ́n bá ki ọ̀rọ̀ tara wọn bọ orin olórin, wọ́n ti fìdí rẹmi. Manorama ni olórí àwọn obìnrin. Olórí àwọn ọkùnrin ńkọ́? Raghuvir ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Kí ló dá ìjà sílẹ̀? Ilé ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Nígbà tí ìyá wọn kú, Raghuvir ní kí àwọn ta ilé, Manorama ní òun ò ní fọwọ́ sí i láéláé. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, títí òjò fi wó ilé náà lulẹ̀ tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tà mọ́, tí kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tọ́jú. Ẹ wo àwọn àgbàlagbà méjì! Raghuvir wá síbi ìgbéyàwó lóòótọ́, nítorí Ketki ni. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ iyọ̀, ṣe ló máa ń ránṣẹ́: "Sọ fún ìyá àgbà yín pé ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀." Ìyá àgbà náà á sì wà níbẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi èjìká kan ara wọn!

Bí ìgbéyàwó bá ti parí báyìí, Raghuvir ń lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Kánádà, kò sì jọ pé yóò padà. Ní irú ọjọ́ orí tiwọn yìí, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kan ara wọn? Èyí ló ń jẹ Manorama lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń wá lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ì báà tiẹ̀ jẹ́ èébú, yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Eré ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kọ orin ayé òde òní, wọ́n ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lẹ́yìn náà ni Raghuvir gbé ọ̀kan nínú ti àtijọ́. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Àwọn orin ìgbà náà kì í kánjú. Fèrè á kọ́kọ́ rìn jáde lóun nìkan, fáyólìn á tẹ̀ lé e, akọrin á wá dúró sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí wàá fi gbàgbé ibi tóo jókòó sí. Òṣèré tó ń la ẹnu lójú sinimá kọ́ ló ni ohùn yẹn, gbogbo wa la mọ̀, kò sì dí ìfẹ́ wa lọ́wọ́. Manorama di ojú. Ilé ìdáná ìyá wọn ló ti bá ara rẹ̀, èéfín díẹ̀díẹ̀, rédíò lórí pẹpẹ pẹ̀lú aṣọ òdòdó tí wọ́n dà bò ó, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé iléèwé. Bí orin tí ìyá wọn fẹ́ràn bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sínú ìyẹ̀fun tó ń pò.

"Màmá àgbà, àwa ló kàn o!" Ketki fi orúnkún ta á.

Kò tiẹ̀ la ojú. Orin atukọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ẹsẹ kìíní, atukọ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ dúró létí odò. Nínú ẹsẹ kejì, ilẹ̀ ṣú, obìnrin náà gbé àtùpà léfòó sórí omi. Oòrùn ń ta Manorama lẹ́yìn, orin ń gbé e lọ, ó sì ń lọ: atukọ̀ padà dé, ó tutù rinrin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ní, "Wọlé, inú ò bí mi mọ́, oúnjẹ rẹ ti tutù…"

"Ẹ dúró, ẹ dúró!" Tushar, ẹ̀gbọ́n Ketki, ti fò dìde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Màmá àgbà, màgòmágó lẹ ṣe yẹn! Ẹsẹ méjì lorin yìí ní, òun ni mo ń wò yìí. Kò sí atukọ̀ kankan tó padà wálé. Ẹ ti fìdí rẹmi!"

Àwọn ọkùnrin hó yèè. Manorama la ojú, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí orin gbé òun dé. Ẹsẹ ìyá wọn ni. Bàbá wọn ò jẹ́ kí ìyá wọn fẹsẹ̀ tẹ ilé sinimá rí láyé, ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ìyàwó ilé ń dé. Rédíò nìkan ni ìyá wọn mọ̀. Kò mọ ibi tí ìtàn náà parí sí, kò sì lè fara dà á kí obìnrin yẹn wà létí odò báyẹn. Bí rédíò bá ti parí tirẹ̀, òun náà á fi ẹsẹ tirẹ̀ lé e, á mú atukọ̀ wálé. Omijé bọ́ lójú Manorama, ó ń ro tótó ní àgbọ̀n rẹ̀, kò sì lọ́wọ́ tó fẹ́ fi nù ún.

"Kò burú," ló wí. "Ẹ ti borí."

"Ẹ jẹ́ ká bi Bàbá kó dá wa lójú," ni Ketki sọ. "Bàbá, ṣé ẹsẹ yẹn wà?"

Gbogbo ojú yí sí Raghuvir. Tó bá ní kò sí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Ó ń wo èèpo ẹ̀pà tó wà nílẹ̀.

"Ó wà," ló wí.

"Níbo? Fóònù ní…"

"Ki fóònù yẹn bọ àpò, jàre! Ìgbà wo ni wọ́n bí fóònù? Ó wà. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ re." Ó wá yí ojú sí àbúrò rẹ̀ gan-an, ó fi orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ pè é. "Manno, irọ́ lò ń pa mọ́ Màmá. Màmá ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Manorama yí sí i wìrì. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́! Ṣebí ìdí ààrò ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ wọn!"

"Èmi ńkọ́, orí igi ni mo máa ń wà? Ìwọ tóo máa ń sùn lórí ìwé, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ!" Raghuvir wá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há: "Inú ṣì ń bí mi, wọlé, oúnjẹ rẹ ti tutù."

Òtítọ́ ni. Manorama gbọ́ ohùn ìyá wọn nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn kì í tètè gbàgbé ọ̀ràn, àmọ́ kò sí ẹni tí kì í bu oúnjẹ fún. Òun Manorama fúnra rẹ̀ ló ti ń fi ọdún gbọọrọ da oyin sínú orin náà, láìmọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló rí," ló wí jẹ́jẹ́. Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé inú ṣì ń bí yín?"

"Ó ń bí mi gan-an." Raghuvir gbé ọ̀pá rẹ̀, ó gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. "Sún fún mi níbẹ̀, kí n jókòó."