Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Fàsásì

Ajá mẹ́ta ló ń lé Ọmọ́níyì bọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì yọ. Kò sáré. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó fi pín lẹ́tà fún pósọ́fíìsì ní Èkó ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá sáré fún ajá ni ajá ń bù jẹ. Ó ṣáà yà sáàárín igi àgbọn, ó já ewé pèrègún kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi lé eṣinṣin, ó sì ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ yìí gan-an ló gbé e dé Àgbádárìgì. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọdún kejì lẹ́yìn ogun Hítílà, kò lè jókòó mọ́. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, títí Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ fi pariwo pé, "Bàbá Dúrósinmí, òòyì ti ń kọ́ mi o!" Wọ́n wá fẹnu kò pé kí ó lọ wá ilé síbi tí owó ilé kò ti ní gbé owó oúnjẹ mì, tí ọ̀nà gígùn sì wà tó lè máa rìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyàwó rẹ̀ fún un. Bí kò bá rí, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó ní Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́tà ni wọ́n ń kó lọ, níbi tí ènìyàn kò ti lè na ọwọ́ tán kó má kan ògiri.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin.

Ilé etí ọ̀sà nínú ìlú Àgbádárìgì, iye tí wọ́n ń pè é kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Gberefu dára lójú rẹ̀: yanrìn, àgbọn, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀, Abímbọ́lá sì ti búra pé òun kò ní bá omi tó ju ti inú ìkòkò lọ ṣe àdúgbò. Morogbo ńkọ́? Ẹrẹ̀ ibẹ̀ gba bàtà rẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, kò sì dá a padà.

Àfi lánàá, tí Bàbá Fàsásì, arúgbó onílẹ̀ kan nítòsí Mowo, ní kí wọ́n fi yàrá méjì hàn án: ògiri amọ̀, páànù lórí, owó tí apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì lè san láìsunkún. Lẹ́yìn ilé, ọ̀nà tóóró kan yí gbogbo ilẹ̀ ìdílé náà ká, ó gba àárín àgbọn kọjá dé etí ọ̀sà. Bí Ọmọ́níyì ṣe rí ọ̀nà yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Wọ́n ní kí ó padà wá gba kọ́kọ́rọ́ lówùúrọ̀. Kò lè mú sùúrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti rin ọ̀nà náà yí ká lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó dé ọ̀ọ̀dẹ̀ Fàsásì, Mọ̀dínátù, ọmọbìnrin bàbá náà, ló bá lórí ìdúró. Kò kí i.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà."

"Ẹ ti yí ilẹ̀ wa po lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ẹ ò ru ẹrù, ẹ ò sì lọ oko. Pèrègún tí a fi pààlà pẹ̀lú ilé Gbádéyan, ẹ já a. Òun rèé lọ́wọ́ yín."

Ọmọ́níyì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ewé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti rọ. Ó ti pẹ́ ní Èkó débi tó gbàgbé ohun tí gbogbo ọmọ oko mọ̀: ẹni tó bá ń yí ilẹ̀ onílẹ̀ ká ní kùtùkùtù, tó ń já ewé ààlà, ilẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ọdún keje rèé tí ilé Fàsásì àti ilé Gbádéyan ti ń fa ilẹ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Mo kàn ń rìn ni," ó wí. "Atẹ́gùn ni mo ń gbà."

Mọ̀dínátù pòṣé. "A kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí èèyàn ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọmọ́níyì lára. Kí ló tiẹ̀ ń lé òun? Ẹ̀rù bà á. Ilé ti ń bọ́ lọ lójú rẹ̀ báyìí, ó sì ti ń rí ògiri Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́tà.

Bàbá Fàsásì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orí ẹní ló wà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wú síwájú. Ó ti lé lọ́dún méjì tí kò ti kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn. Ó gba ewé náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"O ní o kàn ń rìn. Ó dáa. Kí lo rí?"

Ọmọ́níyì yíjú wo ọ̀nà tó gbà wá. "Ajá mẹ́ta," ó wí.

Mọ̀dínátù fi í rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọmọ́níyì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹnu ilẹ̀kùn àti nọ́ńbà ara ògiri nìkan ni ojú rẹ̀ ń wá. Bó bá ti fi lẹ́tà kan jíṣẹ́, òmíràn ló kàn. Lónìí tí kò sí lẹ́tà lápò, bákan náà ló ṣe.

"Olè ilẹ̀ ì bá mọ iye àgbọn tó wà níbẹ̀," Bàbá Fàsásì wí fún ọmọ rẹ̀. "Èyí ò mọ nǹkan kan." Ó yíjú sí Ọmọ́níyì. "Padà lọ rìn ín. Kí o wá sọ fún mi."

Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò rọrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà ń fẹ́ sáré ṣíwájú ojú. Ó rí akàn tó ń wa ihò. Ó rí àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi, àti ipa ẹsẹ̀ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbà nínú yanrìn. Ní kọ́nà etí ọ̀sà, àgbọn ńlá kan wó dábùú ọ̀nà, gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, orí rẹ̀ wà nínú omi. Ó wá rántí pé òun ti gba orí igi yìí kọjá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.

Ó padà, ó rò ó fún bàbá náà bó ṣe rí i: akàn, àwọ̀n, ẹsẹ̀ ọmọdé, àgbọn.

"Èyí tó tẹ̀ síhà ọ̀sà? Tó ní ojú àdá mẹ́ta nídìí?"

"Òun ni, Bàbá. Ó ti wó."

Mọ̀dínátù wolẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá, Bàbá," Mọ̀dínátù dáhùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "A ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́."

"Ìwọ́ ìdodo rẹ tó já ni mo fi gbin igi yẹn. Àràárọ̀ ni mò ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ó ń so." Omi lé ròrò sí bàbá náà lójú. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ tì í.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Fàsásì kó ọwọ́ sábẹ́ ẹní, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e síwájú Ọmọ́níyì.

"Wàá gbin pèrègún mìíràn dípò èyí tó o já ewé rẹ̀, lójú àwọn ará ilé Gbádéyan. Lẹ́yìn náà, lọ mú ìyàwó rẹ wá. Bó o bá wá ti débí, àràárọ̀ ni wàá máa rìn ín, kí o sì máa sọ èyí tó o rí fún mi. Èyí tó o rí ni o."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá náà ní kí ó tún ti akàn yẹn sọ. Ó tún un sọ, ó fi ti àwọ̀n kún un, ó sọ bí omi ṣe rí lábẹ́ orí igi tó wó. Oòrùn ti wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà tí Mọ̀dínátù gbé omi mímu wá fún un. Ìgbà tó na ọwọ́ láti gbà á ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé òun ti jókòó, ó sì ti pẹ́.