Wọn Ò Dáhùn Ìkíni Mi

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù o. Kì í ṣe sùúrù ló mú mi jókòó sílé Àmínátù, ìyá ọkọ mi, ní Awoye lásìkò ogun Hítílà. Ìbínú ni. Ìbínú ló ń jí mi láàárọ̀, òun náà ló ń tì mí débi iṣẹ́.

Fàsílátù lorúkọ mi. Ọkọ mi, Jùbrílù, bá àwọn apẹja lọ sí Kamẹrúùnù, ó wá ránṣẹ́ sílé pé òun ti fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀, òun ò bọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn dé, ìyá rẹ̀ pe gbogbo ilé jọ, ó na ìka sí mi lójú. "Ẹnu rẹ ló lé ọmọ mi lọ. Kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ. Bàdírátù ò ní í tẹ̀ lé ọ o, ọmọ wa ni."

Bàdírátù nìkan ni mo bí. Eyín ọmọdé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni.

Mo ní n ò lọ. Bí obìnrin bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nílé ọkọ, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn pátápátá nìyẹn. Bí mo bá dúró, ojú mi á ṣì wà lára rẹ̀. Àmínátù mọ̀, èmi náà mọ̀. Ló bá búra lójú gbogbo wọn: "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò gbọdọ̀ dá obìnrin yìí lóhùn. Ẹni tó bá dá a lóhùn ló gbà pé ìyàwó ilé yìí ni." Ó fa Bàdírátù wọ yàrá tirẹ̀. "Àti ìwọ náà. Bó bá pè ọ́, di etí."

Ẹ gbà mí! Ọmọ tí mo fi ọmú ara mi bọ́!

Wọ́n rò pé n ó sunkún títí ilé á fi sú mi, kí n wá wọ ọkọ̀ padà sílé ìyá mi ní Òde-Mahin. Mo sunkún o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni mo ti ń sun ún, kí omi lè ṣàn án lọ kí n tó jáde. Ta ni n ó fún ní ẹ̀rín rín?

Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kí àsùbáà tán, n ó wẹ̀, n ó fi àdín para, n ó lé tìróò sójú. N ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí kan iwájú yàrá ìyá ọkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, n ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó ń kọjá lórí afárá pákó lè gbọ́: "Àsàlámù àlékúmù, Ìyá! Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Àmínátù á máa rin pákò lọ, á tu itọ́ sódò níwájú mi. Músùlùmí wo ni kì í dáhùn sálámà? Obìnrin tí tẹ̀súbàá kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀! Adétutù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ mi á yọjú lẹ́yìn ìyá àgbà, á fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí dé egungun. Síbẹ̀ n ó rẹ́rìn-ín músẹ́, n ó gbọn orúnkún mi nù, n ó dìde.

Ó di ẹ̀yìn ilé, nídìí òré, koríko etí odò tí mo fi ń hun ẹní. Kò sọ́jọ́ tí n kì í hun ún. Ọjọ́ tí ibà dá mi gúnlẹ̀ pàápàá, mo hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Mo sì ń kọrin sí i, torí mo mọ̀ pé orin náà ń gún Àmínátù lára. Bàbá Sàláúdéènì, àgbà ilé, wá dúró tì mí lọ́jọ́ kan, ó kọjú sí pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ̀ nítòsí.

"Ẹlòmíràn ì bá ti lọ," ó sọ fún pẹ́pẹ́yẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ ti gbọ́ o, Bàbá," ni mo wí.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pàdé Bàdírátù lórí afárá, èmi àti òun nìkan. Mo pè é: "Bàdírátù mi." Ó yíjú sódò, ó kọjá lára mi. Mo ní wọ́n ti borí mi, kí n kúkú kó ẹrù mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ara mi kọ gbígbálẹ̀ àti ìkíni. Àmọ́ ọwọ́ ti mú ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà, mo sì ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé n ò fẹ́ kúnlẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ náà yadi. Ìyá àgbà ní kó wá jẹun, kò dáhùn. Adétutù bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Bàbá Sàláúdéènì fi ẹja díndín tàn án. Ó jẹ ẹja, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó tún jí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé dàrú. Àmínátù já jáde láìwé gèlè, ó sáré wá bá mi nídìí ẹní.

"Fàsílátù! Fàsílátù! Kí lo fi ṣe ọmọ mi?"

Bàbá Sàláúdéènì mirí. "Háà, Àmínátù. O ti bá a sọ̀rọ̀."

"Mo pè é ni! N ò dá a lóhùn!"

Mo gbé òré sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, mo kúnlẹ̀. "Àsàlámù àlékúmù, Ìyá. Ẹ káàárọ̀ o."

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó fẹ́ máa lọ. Bàdírátù ti dúró sí ojú ọ̀nà.

"Ẹ dá ìyá mi lóhùn," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní dídákẹ́. Bí ẹ ò bá dá a lóhùn, èmi náà ò ní dá yín lóhùn mọ́ títí n ó fi dàgbà."

Àmínátù wo ọmọ, ó wá wò mí. Bí ojú bá ń pa ènìyàn ni, ǹ bá ti kú.

"Wàálékúmù sàlámù," ó fi eyín lọ̀ ọ́ jáde. "O jí bí?"

"Mo jí o, Ìyá," ni mo wí, ṣùgbọ́n n ò rí i mọ́. Ọmọ mi ti rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sọ ọ́ sí mi létí láìsinmi, gbogbo ìkíni tí wọn ò jẹ́ kó dá padà: "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ káàárọ̀, Màámi."