Ìlà Orí Gólì

Nínú fótò mẹ́tàdínlógún tí mo yà ní ìlú ńlá yẹn kí aago tó lu méjì ọ̀sán, kò sí ẹyọ kan tí ọkọ mi ti kọjú sí mi. Mo ní kó dúró síwájú afárá, ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọjá ló tẹjú mọ́. Mo ní kó dúró síwájú ère ọba kan tó gun ẹṣin, ó gbójú sókè, ó ní ẹni tó gẹrun fún ọba yẹn ò mọṣẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ òsì ga ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ. Onígbàjámọ̀ ni. Bàbá Kílípà ni gbogbo àdúgbò wa ń pè é, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gẹrun fún tọmọdé tàgbà ibẹ̀.

Ká ní àwa méjì péré ni, ǹ bá ti fi í sílẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kí n máa gbádùn ara mi lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Gólì wà pẹ̀lú wa. Aládùúgbò wa ni. Ọmọ rẹ̀, tí a ti ń pè ní Gólì láti kékeré, ló ń ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè wa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù tó kó gbogbo ayé jọ sí ìlú náà. Ọmọ yìí ló san owó ọkọ̀, òun ló san ti hòtẹ́ẹ̀lì, òun náà ló fi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ránṣẹ́: ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, méjì fún èmi àti ọkọ mi. Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti lé wọn jáde, torí mo ti pinnu pé mi ò ní í dé ìlú ńlá kó jẹ́ koríko pápá nìkan ni màá rí.

Láti ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì ti dé ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun ọkọ mi mọ́. "Kí ló dé tó fi ní kí èmi náà wá?" Ohun tó ń bi mí láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, títí ó fi rẹ̀ mí, tí mo ní kó jókòó kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Ló bá jẹ́wọ́.

Ó ní nígbà tí Gólì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun fi abẹ tọ́ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Rédíò ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Àwọn tiwa gbá a wọlé, ọkọ mi fò sókè tòun ti abẹ lọ́wọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà kan ilẹ̀, ó ti fa ìlà sí ọmọ ọlọ́mọ lórí. Egbò jinná, ṣùgbọ́n irun ò hù níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ìyá ọmọ wá béèrè, ọkọ mi fi gbogbo ẹnu sọ pé bó ṣe wá bá òun nìyẹn, pé ó jọ pé ó jà lọ́nà ni. Ìyá Gólì kò bèṣù bẹ̀gbà, ó na ọmọ náà lẹ́gba mẹ́fà. Ọmọ ní òun ò jà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ra bọ́ọ̀lù tuntun fún un, kó lè máa dákẹ́ lọ. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní láyé ẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí Ìyá Gólì ti ń dúpẹ́ bọ́ọ̀lù náà, ọkọ mi á sì tẹ́wọ́, á gba ọpẹ́.

"Ó fẹ́ tú mi fó lójú gbogbo ayé ni," ọkọ mi wí.

Mo bínú sí i gan-an, mi ò ní í parọ́. Kì í ṣe torí abẹ, torí ẹgba mẹ́fà yẹn ni. Mo ní kó lọ sọ fún obìnrin yìí ká tó kúrò nílé. Ó ní ó di ìgbà tí a bá dé ọ̀hún. A dé ọ̀hún, ó ní ó di lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Àfi bí a ṣe jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ìlà fífá kan lápá òsì orí rẹ̀. Ọkọ mi dúró sójú kan. Àwọn méjì tún kọjá, ìlà wà lórí tiwọn náà. Ẹni tó ta omi fún wa ní ìlà. Nínú lífíìtì tó gbé wa lọ sókè ilé gogoro, mo ka orí mẹ́jọ, márùn-ún ló ní ìlà. Bàbá arúgbó kan tí kò ní ẹyọ irun kan fi tàdáwà fa tiẹ̀. Nígbà tí a dókè, tí gbogbo èèyàn ń wo òkun àti òrùlé ilé, ọkọ mi rọ̀ mọ́ irin, ó ń wo orí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Inú Ìyá Gólì dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fi ara sí. "Ẹ wò ó, ìlà ọmọ mi ni wọ́n ń yá lò. Ìjà rádaràda tó jà lọ́jọ́sí náà ló wá di oge yìí." Ó ń dá àwọn èèyàn dúró lójú pópó. Wọn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ń nàka sí orí wọn, ó ń lu àyà ara rẹ̀, ó wá ń na ìka mẹ́fà sókè kí wọ́n lè mọ iye ẹgba tó fi tọ́ ọmọ náà. Wọ́n rò pé gòólù mẹ́fà ló ní a máa jẹ. Àwọn náà na ìka mẹ́fà, wọ́n ń hó. Gbogbo ibi tí a bá yà sí ni ọkọ mi ti ń rí ìka mẹ́fà, òógùn sì ń bò ó.

Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Àwòrán Gólì wà lára gíláàsì, èrò sì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ìyá Gólì fa ọkọ mi lápá.

"Bàbá Kílípà, ẹ ò ní í bá mi wọ pápá láìní ìlà ọmọ mi lórí. Ẹ wọlé, èmi ni màá sanwó ẹ̀."

"Ìyá Gólì, àgbà ti dé sí mi."

"Àbí ẹ ò rí bàbá tó fi tàdáwà fa tiẹ̀ ni?"

Ó jókòó. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Onígbàjámọ̀ ibẹ̀, géńdé kan báyìí, gbé kílípà lé e lókè etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà tó gún régé. Mo ń wo ojú ọkọ mi nínú dígí. Mo rí i pé ó ń fara dà á. Ó di ẹnu, ó di ojú, ó tún la ojú. Nígbà tí kílípà dé ìdajì, kò lè fara dà á mọ́, ó gbá ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Rárá o. Ibẹ̀ kọ́. Ẹ̀yìn etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ìka méjì sókè. Á wá tọ́ lọ báyìí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọ́ díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ta ni?" Ìyá Gólì béèrè.

Ọkọ mi wò mí nínú dígí. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ sáàárín irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: rédíò, abẹ, irọ́. Onígbàjámọ̀ ìlú ńlá di kílípà mú, ó ń kùn lọ́wọ́ ẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìyá Gólì fìdí lé àga tó wà nítòsí.

"Márùn-ún ni mo fẹ́ nà án," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ó ní, 'Màámi, mi ò jà.' Mo ní ó tún ń parọ́. Ni mo bá fi ìkan kún un." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́?"

"Kó má baà sọ ni mo ṣe rà á."

Mo rò pé ó máa fọ́ ọ létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kó padà jókòó kí wọ́n parí ìlà náà, kí wọ́n fà á bó ṣe rí gan-an. Ó sanwó. Nígbà tí a jáde, ó ra ìwé ìdíje kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú ọ̀nà, ó ká a bí igi.

"Ẹ máa gba ẹgba ọmọ mi padà," ó wí fún ọkọ mi. "Gbogbo ìgbà tó bá mú bọ́ọ̀lù, ìkan."

Ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Gólì fò, ó mú bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ dìde, ó fi ìwé gbá ẹ̀yìn ọkọ mi, pàá. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rò pé bí a ṣe ń yọ̀ nílùú wa nìyẹn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn lẹ́yìn. Nígbà tó mú ìkejì, gbogbo ìlà ìjókòó wa ló ń gbá ara wọn. Ó mú ìkẹta, ó mú ìkẹrin. Lẹ́yìn náà, àwọn alátakò ò gbá ohun gidi kan mọ́, ọkọ mi sì ni ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan ṣoṣo tó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá a sílé." Ó fẹ́ kí ẹgba mẹ́fà náà tán.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, àwa la gbá a wọlé. Gbogbo pápá fò sókè. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkọ mi nìkan ló jókòó. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti lọ.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, a dúró lẹ́nu géètì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń gbà jáde. Gólì dé, ó rí ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Ọkọ mi náà dọ̀bálẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, orí ko orí, ìlà ko ìlà.

"Bàbá, ẹ dìde. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ti sọ fún ìyá rẹ."

Gólì gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi wò ó. "Màámi, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Torí bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ rà fún mi ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wá," Gólì wí fún ọkọ mi. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkọ mi ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Ìyá Gólì kò fi àyè sílẹ̀, ó gbé ìwé sókè, pàá. "Ìkarùn-ún nìyẹn," ó wí. Ọkọ mi di ojú, ó ń retí ìkẹfà. Ṣùgbọ́n Ìyá Gólì na ìwé sí ọmọ rẹ̀.

"Ìkẹfà yìí, èmi ni mo ni ín. O ní o ò jà, mi ò gbà ọ́ gbọ́." Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ náà lè nà án.

Gólì dìde. Ó gba ìwé náà, ó wò ó, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ó rọra gbé e lé ìyá rẹ̀ léjìká bí ẹni ń gbé ẹyin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ọn látẹ̀yìn.

Mo pe ọkọ mi, ó gbójú sókè, mo yà á. Fótò kejìdínlógún nìyẹn. Ó wà nílẹ̀, ekuru wà nímú rẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀, ìlà orí rẹ̀ wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Èmi ló ń wò.