Tapólì Tí A Fi Ń Bo Sìmẹ́ńtì

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, oòrùn dá Sàláhúdéènì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi, dùbúlẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Barkin Sale, àdúgbò wa lókè ọya, èmi fúnra mi ni mo sì dá kún àìsàn náà.

Òfin mi ni pé kí gbogbo wa kúrò nínú oòrùn ní aago mọ́kànlá. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ oníbàárà ń dúró. Mo ní kí wọ́n parí èyí tó kù. Aago kan lù, wọ́n ṣì ń po iyanrìn.

Sàláhúdéènì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Bó bá pe ìrun àárọ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé láàrin wa, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá á jí. Yahya, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí i tó ń rìn bí ọ̀mùtí.

"Haba Malam! Ṣé ògógóró lo mu ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí iyanrìn.

"Ìyá Labibah, òtútù ń mú mi."

Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń gbọ̀n, ibà ló ń ṣe é. Mo ní kó wọ inú yàrá páànù wa, mo fi hìjáàbù mi bò ó, mo tún fi tapólì tí a fi ń bo sìmẹ́ńtì lé e. Mo fún un lóògùn ibà, mo padà sídìí iṣẹ́.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan. Yahya sáré lọ pe Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ta oògùn ní òdìkejì títì.

"Ta ló dì í bíi mọ́ínmọ́ín báyìí?"

"Èmi ni. Òtútù ló ń mú un."

"Òtútù wo? Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná, kò sì làágùn rárá.

"Oòrùn ló pa á tó báyìí, Ìyá Labibah. Ẹ ṣí i! Omi dà?"

A gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò, a da omi iṣẹ́ wa lé e lórí dé ẹsẹ̀, Yahya ń fi páálí fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà la fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà bi mí pé báwo ló ṣe pẹ́ tó lábẹ́ tapólì. Mo sọ fún un. Ó ní ooru tó há mọ́ ọn lára ti kan ọpọlọ rẹ̀.

Báyìí, bí aago mọ́kànlá bá ti lù, mo máa ń gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ tó bá ń dúró, kó máa dúró.

Sàláhúdéènì ń rìn, ó ń jẹun. Ahọ́n rẹ̀ ló wúwo. Ó gbìyànjú láti pe ìrun lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kò já geere. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Muneer ló ń pè é báyìí.